Bí Ọdẹ́bùnmi Ṣe Fa Wáyà ní Méjìléláàádọ́rin

Ẹ̀yin tí ẹ fìdí kalẹ̀ yìí, ẹ ti fura, n kò sì ní fi àkókò yín ṣòfò: òun ló fa wáyà náà yọ. Kì í ṣe ìjì, kì í ṣe òjò, kì í ṣe àwọn oníná, kì í sì í ṣe ewúrẹ́ aládùúgbò tó purọ́ mọ́ fún odidi ọjọ́ kan. Ọdẹ́bùnmi ọmọ Àgbààkin ni. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi fà á.

Ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ rí, lábẹ́ igi ọ̀dán tí àwọn ọdẹ ti ń pàdé. N kò ní kí ẹ má gbà á gbọ́. Ibi tó bá ti ní òun rẹ́rìn-ín, kí ẹ fi "ó gbọ̀n" sí i. Ibi tó bá ti ní òun ń rìn jẹ́jẹ́, kí ẹ mọ̀ pé eré ló ń sá. Ìyókù, bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni Ọdẹ́bùnmi nígbà náà. Ó ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta, ó sì ti pa àmọ̀tẹ́kùn kan tó ń tóbi sí i lọ́dọọdún bó ti ń sọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ igbó, ó kó ògo rẹ̀ wọ inú ilé, ó gbé e ka iwájú kọ̀ǹpútà tí Ìbíwùnmí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló tú ẹ̀rọ náà nínú páálí, òun ló so wáyà mọ́ ọn, òun ló dáhùn gbogbo ìbéèrè tí ẹ̀rọ náà béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọdẹ́bùnmi dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ara rẹ̀ ní Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà.

Àràárọ̀ ni àwòrán méjì máa ń hàn lójú ẹ̀rọ náà, òdòdó kan àti ọkùnrin kan tí kò ní ojú. Ọdẹ́bùnmi a tẹ ọkùnrin náà, ẹ̀rọ a ṣí fún un. Lẹ́tà wínńwínní wà lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò kà á rí, nítorí kì í lo awò ojú.

"Ojú tí mo fi rí ehoro ní òdìkejì odò," ló máa ń wí fún Àwẹ̀ró, "ìwọ fẹ́ kí n lọ tì í mọ́ inú fèrèsé?"

"Ehoro ò ní lẹ́tà lára," Àwẹ̀ró á sì dáhùn.

Ohun kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ju ẹ̀rọ lọ. Ohùn Ọdẹ́wándé ni. Ogójì ọdún ni Ọdẹ́wándé àti Ọdẹ́bùnmi fi jọ dẹ igbó, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú àpò kan. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, tí ikọ́ ti ń gbé Ọdẹ́wándé lọ díẹ̀díẹ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí pálọ̀ wọn, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀. Ó sun ìrèmọ̀jé ìdílé ìyá rẹ̀, èyí tí kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n mọ́. Àwẹ̀ró ló tẹ ibi tó yẹ ní títẹ̀. Ọdẹ́bùnmi ló ń ṣàlàyé.

"Bí mo bá lọ," Ọdẹ́wándé wí, "ìwọ ni kí o sun ún fún mi níbi ìṣípà mi. Má fo ibì kan o."

Ẹ mọ ohun tí ìṣípà jẹ́. Ọjọ́ náà ni àwọn ọdẹ máa ń kó irinṣẹ́ ẹni wọn tó kú lọ sínú igbó, tí wọ́n á fi orin tú u sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Bí orin náà kò bá pé, wọ́n ní olóògbé kò ní lè lọ. Yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìpàdé, yóò máa retí kí wọ́n ní kó máa lọ. Ọdẹ́bùnmi búra pé òun yóò sun ún. Ó ní orin bẹ́ẹ̀ kò lè gba òun ju ọ̀sán kan lọ láti kọ́. Ọdẹ́wándé kú, wọ́n sin ín, wọ́n dá ọjọ́ ìṣípà, oṣù méjì kọjá. Ìgbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìṣípà pé ni Ọdẹ́bùnmi tó lọ jókòó níwájú ẹ̀rọ láti kọ́ orin.

Ọkùnrin aláìlójú kò hàn lọ́jọ́ náà. Ohun tó hàn ni òǹkà kan, gàdàgbà, tó gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá pé kí ẹnikẹ́ni má pa ẹ̀rọ náà títí yóò fi parí.

"Ta ló ń pàṣẹ fún mi nínú ilé mi?" Ọdẹ́bùnmi béèrè. Ẹ̀rọ náà kò dáhùn. Ó ní ọgọ́ta.

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ Ọdẹ́bùnmi dàgbà, wọn kì í ka ènìyàn bí ẹni ka iṣu. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun pé, orúkọ ni yóò máa pè, kò ní sọ pé mẹ́fà tàbí méje, kí ohun tó ń gbọ́ má baà mọ iye tó wà níbẹ̀. Ọdẹ́bùnmi jókòó, ó ń wo òǹkà. Márùndínláàádọ́rin. Ọdún tó jẹ́ ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni orúnkún rẹ̀ kọ́kọ́ ké. Méjìdínláàádọ́rin. Ọdún náà ló gbé ìbọn kọ́ ògiri. Mọ́kànléláàádọ́rin. Òógùn tutù bò ó. Ẹ̀rọ yìí ń ka ọjọ́ orí òun! Ó ń tẹ̀ lé òun bọ̀ láti ẹ̀yìn, ọdún kan lẹ́yìn òmíràn, kò sì ku ju méjì lọ kó tó bá òun. Nígbà tó di méjìléláàádọ́rin, Ọdẹ́bùnmi fò sókè, ó di wáyà mú lára ògiri, ó fà á yọ.

"Bàbá Ìbíwùnmí!" Àwẹ̀ró pè láti ilé ìdáná. "Kí ló dún yẹn?"

"Wọ́n mú iná lọ!"

"Fáànù ń yí lọ́dọ̀ mi níbí."

Ọdẹ́bùnmi ronú díẹ̀. "Nígbà náà, ewúrẹ́ ni."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdẹ́bùnmi wọ gbérí ọdẹ rẹ̀, ó gbé ìbọn ṣakabùlà tí kò yìn láti ọdún márùn-ún kọ́ èjìká, ó ki wáyà padà sí ara ògiri, ó sì sá sẹ́yìn àga. Ẹ̀rọ náà kùn. Ojú rẹ̀ ṣú, ó wá di búlúù, búlúù òfìfo bí ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu, tí kò ní ẹyẹ. Lẹ́tà funfun wínńwínní hàn láàárín rẹ̀. Ó dájú pé wọ́n ń sọ nǹkan. Awò ojú Àwẹ̀ró wà lórí tábìlì, ibi tọ́wọ́ rẹ̀ lè tó. Kò mú un. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó sún mọ́ ọn sí i. Ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi kan dígí, dígí náà sì tutù bí omi, ó gba imú wọlé, ó gba iwájú orí, ó gba èjìká, ó gba ìbọn. Bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló kù sí pálọ̀.

"Èmi ni mo bẹ́ sínú rẹ̀," ó sọ fún wa lábẹ́ igi ọ̀dán. "Mo ní, ẹ̀rọ tó bá tó bẹ́ẹ̀ kó gbé mi mì."

"Bàtà ńkọ́, bàbá?" Akínlàbí béèrè. Ọdẹ kékeré ni Akínlàbí, kì í jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ kọjá láìdá a dúró.

"Mo fi sílẹ̀ kí àwọn ará ilé lè mọ ibi tí mo gbà."

Igbó ló bá ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ igbó tó mọ̀. Àwọn igi náà dọ́gba, ìlà lẹ́yìn ìlà, bí ọmọ iléèwé tó tò fún àdúrà àárọ̀. Ewé wọn ní ojú. Èyí lajú, èyí dijú, èyí lajú, èyí dijú, kò sí ọ̀kan tó là á lábọ̀. Kò sí ẹyẹ. Kò sí ipa ẹsẹ̀ ẹranko nílẹ̀, ọdẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹranko ń sá fún. Ìró kan ṣoṣo tó wà ni ìkùn bíi ti oyin tó há sínú àgbá, ó ń wá láti ibi gbogbo. Irun orí Ọdẹ́bùnmi dìde títí ó fi gbé filà rẹ̀ sókè. Ó ní kí òun sun ìjálá kí ọkàn òun lè balẹ̀, ṣùgbọ́n bó ti yanu, gbogbo ewé tó dijú lajú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n kọ ojú sí i. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan tó wọ bàtà àti ọ̀kan tí kò wọ̀ rìn, ó ń tiro lọ, kò sì wo ẹ̀yìn.

Igbó náà já sí ìlú kan, ó sì sàn kó má já. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Obìnrin náà ní ẹ̀gbẹ́ ojú kan, ẹ̀gbẹ́ kejì kò sí, kò ya, kò ṣẹ̀jẹ̀, ó kàn parí síbẹ̀ bí ògiri tí owó ilé tán lórí rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá," ó wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa..." Ó dákẹ́, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa..."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan ń gun àkàbà tí kò ní òkè. Òmíràn gbé ilẹ̀kùn sórí, ó ń wá ilé tó ni ín. Òmíràn jẹ́ ọwọ́ méjì péré, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Níwájú orí àwọn tó ní iwájú orí, wọ́n kọ òǹkà kan sí i: méjìléláàádọ́rin. Ọdẹ́bùnmi rí òǹkà náà, ó fa filà bo iwájú orí tirẹ̀.

Baálẹ̀ ìlú náà nìkan ló pé. Arúgbó ni, aṣọ rẹ̀ ti gbó, ó jókòó sórí òkúta níwájú àgbàlá rẹ̀.

"Àwa ni òṣìṣẹ́ ilé yìí," ó sọ fún Ọdẹ́bùnmi. "Ẹni tó ń ṣí fèrèsé wà nínú wa, ẹni tó ń gbé ohùn jáde wà nínú wa, ẹni tó ń rántí ibi tí wọ́n kó nǹkan sí náà wà. Lánàá ni wọ́n ń sọ wá di ọ̀tun, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kà wá bí a ti ń parí. Wọ́n kà dé méjìléláàádọ́rin, ayé ṣókùnkùn. Èmi ni ìpín ìkẹyìn, wọn kò tíì kàn mí. Àwọn tí iṣẹ́ ṣì wà lára wọn lọ́wọ́ nígbà náà, bí ẹ ṣe ń wò wọ́n nìyí." Ó wo ìbọn, ó wo ẹsẹ̀ kan tí kò ní bàtà. "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti òde wá, ta ló pa iná?"

Gbogbo àbọ̀ ènìyàn tó wà níbẹ̀ kọ ojú sí i. Ọwọ́ méjì dẹ́kun àtẹ́wọ́.

"Àwọn oníná ni," Ọdẹ́bùnmi dáhùn. "Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Wọn kò ní àánú."

Bó ti sọ ọ́ tán, ó fẹ́ fi ọmọńdinrín òsì họ etí. Ọmọńdinrín kò sí níbẹ̀. Kò dùn ún. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Ibi tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ló parí sí.

"Ṣé ẹ̀rù bà yín, bàbá?" Akínlàbí béèrè nígbà tó sọ ibí yìí.

"Ẹ̀rù? Mo ní ìka mẹ́sàn-án mìíràn!"

Ẹ wo bó ṣe rí gan-an. Ó di ọwọ́ náà mọ́ abíyá, ó yí padà, ó fẹ́ sá lọ sínú igbó. Ìgbà náà ló gbọ́ ikọ́ kan. Láti ẹ̀yìn odi gíga kan tó wà ní ìkángun ìlú ni ikọ́ náà ti wá, ẹ̀ẹ̀mejì gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀kan tó gùn. Ogójì ọdún ló fi gbọ́ bí ọkùnrin kan ṣe ń nu ọ̀fun rẹ̀ kó tó kọrin. Ọdẹ́wándé wà lẹ́yìn odi. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́bùnmi fẹ́ lọ sí igbó, àyà rẹ̀ fẹ́ lọ sí ibi odi náà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rẹ́, àyà ló borí.

Oníbodè kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó ga ju ẹnu ọ̀nà náà lọ. Kò ní ojú, kò ní imú, ihò kọ́kọ́rọ́ ló wà níbi tó yẹ kí ojú wà, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ jáde níbẹ̀.

"Ó ń bá ọ jẹun, kì í yó," Oníbodè wí. "Ó ń bá ọ sùn, kì í hanrun. Bí o bá kú, kò ní bá ọ wọ sàréè. Kí ni?"

Ọdẹ́bùnmi fi ìbọn tilẹ̀, ó ronú. Ó kọ́kọ́ rò pé àya ni, ó rántí pé Àwẹ̀ró máa ń hanrun. Ó rò pé òjìji ni, ṣùgbọ́n òjìji á wọ sàréè. "Orúkọ ni," ó wí nígbẹ̀yìn.

"Orúkọ ni. Sọ tìrẹ, kí n wò ó bóyá o ní àṣẹ láti wọlé. Kó o tó sọ ọ́, wọ́n ní kí n bi gbogbo ẹni tó bá kọjá lónìí léèrè: ta ló pa iná?"

"Ewúrẹ́ ni."

Atẹ́gùn inú ihò kọ́kọ́rọ́ náà dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ó dára. Orúkọ rẹ."

"Èmi ni Ọdẹ́bù..." ó wí. Ó dákẹ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. "Ọdẹ́bù... Ọdẹ́..." Ìyókù kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó wá a lábẹ́ ahọ́n, ó wá a lọ́pọlọ, ó wá ohùn ìyá rẹ̀ nígbà tó ń pè é láti wá jẹun, ìyá náà yanu, kò pe nǹkan kan. Ó ti gbọ́ orúkọ náà fún ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ó sì ti lọ bí ọmọńdinrín.

"Ọdẹ́ kan ṣoṣo kò sí nínú ìwé mi," Oníbodè wí. "Kò sí àṣẹ fún ọ. Gbé ìbọn yẹn sílẹ̀, kí o sì kúrò lójú ọ̀nà. Agbálẹ̀ ń bọ̀."

Ìgbálẹ̀ ni ohun tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ronú nípa ìgbálẹ̀ ilé yín. Ó gùn ju ọ̀pẹ lọ, kò sí ọwọ́ tó dì í mú, ó ń dá gbá ilẹ̀ bọ̀, wọ́rọ́wọ́rọ́, ohunkóhun tí kò bá ní orúkọ tó pé ló ń gbá lọ sínú kòtò dúdú kan tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ajá. Ọdẹ́bùnmi rí i tó gbá ọwọ́ méjì tó ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ kòtò. Lójú rẹ̀ ló tún kọjú sí obìnrin ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-ojú-kan, obìnrin náà kò sì sá, ó ń sọ fún ìgbálẹ̀ pé, "Ẹ káàbọ̀, bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa..."

N kò mọ ohun tó ṣe Ọdẹ́bùnmi. Òun náà kò mọ̀. Ó di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, ọwọ́ kan ṣoṣo tó ní, àwọn méjèèjì sá. Orúnkún tó kọ igbó kò kọ eré lọ́jọ́ náà. Wọ́n sá kọjá ilé Baálẹ̀, wọ́n sá kọjá àkàbà tí kò ní òkè, wọ́rọ́wọ́rọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, títí wọ́n fi já lu ẹnu àká kan, ìyá arúgbó kan sì jókòó síbẹ̀, ó ń rán aṣọ.

"Ìyá, ẹ gbà wá!"

"Ọwọ́ mi dí," ìyá náà wí, kò gbé ojú sókè. "Èmi ni Ìyá Àká. Bí gbogbo ará ìlú yìí ṣe rí ní ọjọ́ tí wọ́n dá wọn, mo ní àwòṣe rẹ̀ nínú àká yìí, odidi, mímọ́. Mo lè fi ṣe àtúnṣe wọn, títí kan àwọn tó wọ kòtò. Ṣùgbọ́n n kì í rán ibi tí n kò mọ bó ṣe ya. Àánú ṣe mí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ mi rí. Báwo ni iná ṣe kú?"

Wọ́rọ́wọ́rọ́. Ìgbálẹ̀ ti yí igun.

"Àwọn..." Ọdẹ́bùnmi bẹ̀rẹ̀. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka kẹrin ti ń ṣá bí ẹ̀fin. "Ewú..." ó wí, ó mọ̀ ọ́n lára tí etí ẹ̀gbẹ́ kan ń fúyẹ́ lórí rẹ̀. Bó bá purọ́ sí i, kí ni yóò kù nínú òun? Ìbúra kan ni yóò kù láìní ẹni tí yóò mú un ṣẹ. Ọdẹ́wándé yóò sì máa dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìpàdé, yóò máa kọ́ ikọ́, yóò máa retí.

"Èmi ni!" ó kígbe. "Èmi ni mo fà á! Ẹ̀rù ló bà mí, ìyá. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń kà. Ó ku ọ̀kan kí wọ́n kà mí kàn, mo fa wáyà, mo sì purọ́ mọ́ ewúrẹ́!"

Lábẹ́ igi ọ̀dán, ilẹ̀ ló máa ń wò bó bá dé ibí yìí. Akínlàbí pàápàá kì í dá a dúró.

Ìyá Àká gbé ojú sókè. "O ṣeun," ó wí. "Wò ó báyìí, màá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti já. Dúró síbẹ̀. Má sá, má dijú, má sì fọwọ́ kan ohunkóhun."

Ìgbálẹ̀ náà dúró. Ìyá náà fa òwú kan láti inú àká, òwú náà gba ara obìnrin náà kọjá, ẹ̀gbẹ́ ojú kejì sì yọ, ó ṣẹ́jú. Láti òkè igbó títí dé odi, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Méjìléláàádọ́rin, ó wí, níbi tó ti dúró. Ọdẹ́bùnmi ti mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń kà. Orúnkún rẹ̀ kò mọ̀. Àyà rẹ̀ kò mọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ gbọ́ tí òǹkà náà ń gbé ẹsẹ̀, tó ń bọ̀ wá bá a, ó fi eyín di ahọ́n mú, ó ń rò pé Àwẹ̀ró yóò bá bàtà kan ṣoṣo ní pálọ̀.

Mẹ́tàléláàádọ́rin.

Ó dúró pẹ́ níbẹ̀, òǹkà ọ̀hún, ó pẹ́ ju gbogbo èyí tó ti kọjá lọ. Omi gbígbóná kan ṣàn wálẹ̀ ní itan Ọdẹ́bùnmi. Òógùn ni, ó ní kí n sọ fún yín.

Mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Ó mí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ìka márùn-ún ló bá níbẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, bàbá," obìnrin náà wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá." Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti gbé ẹrù kalẹ̀. Àkàbà ní òkè, ilẹ̀kùn rí ilé, ọwọ́ méjì padà pẹ̀lú ọkùnrin tó ni wọ́n. Òǹkà ń lọ, kò sì bìkítà fún un mọ́.

Ó sáré padà sọ́dọ̀ Oníbodè. "Ọdẹ́bùnmi!" ó kígbe láti òkèèrè. "Ọdẹ́bùnmi ọmọ Àgbààkin!"

Oníbodè yẹ ìwé wò, ó gbé ìbọn tó fi sílẹ̀ fún un, ó ní kó wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà nínú, ilẹ̀kùn pupa kan wà ní ìkángun rẹ̀. Ikọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀kan tó gùn. Ọdẹ́bùnmi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn náà.

"Ṣí i fún mi."

"Kò sí àṣẹ fún ọ níbí. Ẹni tó ni ilé nìkan ni ilẹ̀kùn yìí ń ṣí fún."

"Èmi ni mo ni ilé!"

Oníbodè tẹrí ba wò ó. Ihò kọ́kọ́rọ́ kì í fi àánú hàn, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó fẹ́ jáde níbẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣí ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ fún ọ láràárọ̀," ó wí. "Padà sílé, bàbá. Wo abẹ́ àwòrán rẹ. Kí o lo awò." Ó gbé e ní ọrùn aṣọ, ó jù ú.

Orí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ló balẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì. Ojú ẹ̀rọ mọ́, ọkùnrin aláìlójú àti òdòdó wà níbẹ̀, wọ́n ń dúró dè é. Kò pẹ́ sígbà náà tí Àwẹ̀ró wọlé, Akínlàbí àti àwọn ọdẹ mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n wá béèrè bóyá orin ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jókòó," Ọdẹ́bùnmi wí. Ohùn rẹ̀ ti padà, gbogbo rẹ̀. "Ẹ̀rọ yìí bàjẹ́, mo wọ inú rẹ̀, mo tún un ṣe. Ẹ ó gbọ́ Ọdẹ́wándé báyìí."

"Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́?" Àwẹ̀ró béèrè.

Ọdẹ́bùnmi wo ọmọńdinrín òsì rẹ̀. "Kì í ṣe ewúrẹ́," ó sọ wẹ́rẹ́. "Èmi ni." Lẹ́yìn náà ó tẹ ọkùnrin aláìlójú, ẹ̀rọ ṣí, ó tẹ ibi tí ohùn Ọdẹ́wándé wà. Àkọlé pupa gàdàgbà kan hàn pé kò ní àṣẹ. Ó tún un tẹ̀. Kò ní àṣẹ. Ó fi ìka lù ú títí Akínlàbí fi wo òkè àjà.

"Dìde díẹ̀, Bàbá Ìbíwùnmí," Àwẹ̀ró wí. Ó jókòó, ó padà sí ibi àwòrán méjì, ó tẹ òdòdó, ó kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé kan tí Ọdẹ́bùnmi kò rí rí. Ikọ́ kún pálọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀kan tó gùn. "Ọdẹ́bùnmi, ṣé o ti jókòó?" ohùn Ọdẹ́wándé wí. "Má fo ibì kan o." Ó sì bẹ̀rẹ̀ orin. Àwọn ọdẹ ṣí filà. Orin náà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ kan kò sọnù nínú rẹ̀.

Ojú Ọdẹ́bùnmi ti kún fún omi, kò sì fẹ́ kí Akínlàbí rí i, ó na ọwọ́ sí tábìlì, ó mú awò ojú Àwẹ̀ró, ó fi bò ó. Àwẹ̀ró ti pa ohùn náà, ó ti jáde kúrò nínú òdòdó, àwòrán méjì ti padà. Ọdẹ́bùnmi wá rí lẹ́tà wínńwínní abẹ́ wọn kedere fún ìgbà àkọ́kọ́. Abẹ́ òdòdó: Àwẹ̀ró, ẹni tó ni ẹ̀rọ. Abẹ́ ọkùnrin tí kò ní ojú: Àlejò.